ADHD nínú ayé obìnrin: bí mímú ara ṣiṣẹ́ àti gbígba ara ẹni bí a ṣe rí ṣe lè ṣèrànwọ́

Àwọn kókó pàtàkì

• ADHD ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pe ipò kan tí ó máa ń mú kí ó ṣòro fún ènìyàn láti pọkàn pọ̀, láti fara balẹ̀, tàbí láti kó ara rẹ̀ níjàánu. Láti ìgbà èwe ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè bá ènìyàn dàgbà.

• A máa ń tètè dá a mọ̀ lára ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kì í mọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n títí wọn yóò fi di àgbàlagbà.

• Mímú ara ṣiṣẹ́ déédéé lè mú kí inú dùn sí i, kí oorun dára sí i, kí ó sì rọrùn díẹ̀ láti pọkàn pọ̀. Kì í wo ADHD sàn, kò sì rọ́pò oògùn tàbí ìtọ́jú mìíràn.

• Gbígba ara ẹni bí a ṣe rí kì í ṣe jíjọ̀wọ́ ara fún ìṣòro. Òun ni ó ń jẹ́ kí obìnrin lè bẹ̀rẹ̀ ohun tí yóò ràn án lọ́wọ́, kí ó sì lè padà sí i lẹ́yìn tí ó bá ti já a sílẹ̀.

• Obìnrin tí èrò àtipa ara rẹ̀ tàbí àtiṣe ara rẹ̀ léṣe bá ń wá sí lọ́kàn nílò ìrànlọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Àlàyé ní ṣókí

A lè fi aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé, àwọn oníbàárà sì ń yìn ín. Síbẹ̀, aṣọ mẹ́fà ni ó ti gé tí kò tíì rán ọ̀kan tán nínú wọn. Ó ń rán àkọ́kọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ó rántí pé òwú ti tán. Bí ó ti ń lọ ra òwú, ó dúró bá aládùúgbò kan sọ̀rọ̀, nígbà tí yóò sì fi padà dé, ọbẹ̀ ti jóná lórí iná. Ní òru, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni ó ti ń bi ara rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: "Kí ló ṣe mí tí n kò lè ṣe bí ẹgbẹ́ mi?"

Kò sí ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan, kò sì sí ẹni tí iṣẹ́ kì í sú nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n bí irú ìṣòro yìí bá ti wà láti ìgbà èwe, tí ó ń hàn nílé àti lẹ́nu iṣẹ́, tí ó sì ń ba iṣẹ́, owó àti àjọṣe ènìyàn pẹ̀lú ẹlòmíràn jẹ́, ADHD lè wà nídìí rẹ̀. Ìwé yìí ṣàlàyé ohun méjì tí obìnrin tí ó ní ADHD lè fi kún ìtọ́jú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni mímú ara ṣiṣẹ́. Èkejì ni gbígba ara rẹ̀ bí ó ṣe rí. Ó tún ṣàlàyé ìdí tí ọ̀kan kì í fi í pẹ́ kí ó tó dẹnu kọlẹ̀ bí èkejì kò bá sí níbẹ̀.

Kí ni ADHD?

Ọpọlọ ni ó ń darí àfiyèsí ẹ̀dá. Òun ni ó ń yan ohun tí ó yẹ kí a fetí sí láàárín ariwo, òun ni ó ń rán wa létí iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe, òun náà ni ó sì ń dá wa dúró kí a tó sọ ohun tí kò yẹ. Nínú ẹni tí ó ní ADHD, ètò ìdarí yìí kì í ṣiṣẹ́ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn èròjà kan wà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn. Méjì nínú wọn, ìyẹn dopamine àti noradrenaline, wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ ADHD kàn. Dopamine ní í ṣe pẹ̀lú bí nǹkan ṣe ń wu ènìyàn láti ṣe àti bí ó ṣe ń rí adùn nínú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí obìnrin kan fi lè lo wákàtí mẹ́ta lórí iṣẹ́ tí ó wù ú, láìjẹ, láìmu, ṣùgbọ́n tí kò ní lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ka iye owó tí ó wọlé lóòjọ́. Ẹni tí ó ń wò ó lókèèrè a máa sọ pé, "Bí ó bá wù ú, yóò ṣe é." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ tàbí àìbìkítà.

Ọ̀nà méjì ni àwọn àmì ADHD pín sí. Ọ̀nà kìíní ni àìlèpọkànpọ̀: gbígbàgbé nǹkan, sísọ nǹkan nù, bíbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìparí rẹ̀, àìmọ bí àkókò ṣe ń lọ, àti kí ọkàn máa rìn lọ nígbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀. Ọ̀nà kejì ni àìfarabalẹ̀ àti ìwàǹwára: àìlè jókòó jẹ́ẹ́, sísọ̀rọ̀ jù, jíjá lu ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, àti fífi ìkánjú ṣe ìpinnu tàbí náwó. Àwọn kan ní ti ọ̀nà kìíní nìkan, àwọn kan ní ti èkejì, àwọn mìíràn sì ní méjèèjì pọ̀.

Àjogúnbá kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Ìwádìí tí a ṣe lórí àwọn ìbejì fi hàn pé nǹkan bí ìdá 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ènìyàn nípa ADHD ni ó ti inú àjogúnbá wá. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìyá kan fi lè gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ó sì bá ìtàn ayé ti ara rẹ̀ pàdé nínú àwọn ìbéèrè tí dókítà ń bi í nípa ọmọ náà. ADHD kì í ṣe èpè, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayé, ọmọ tí ó ní in kì í sì í ṣe ẹmẹ̀rẹ̀. Bákan náà, kì í ṣe ẹ̀rí pé ìyá kò kọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa.

Kí ló dé tí a kì í fi í tètè rí i lára obìnrin?

Ní ọdún 1902, dókítà ọmọdé kan tí ń jẹ́ George Still sọ̀rọ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù nípa àwọn ọmọ tí kò lè fara balẹ̀, tí wọn kò sì lè kó ara wọn níjàánu. Ọmọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó mẹ́nu bà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwòrán ọmọkùnrin tí ń sáré kiri kíláàsì ni ó wà lọ́kàn àwọn olùkọ́ àti dókítà. Títí di òní, ó kéré tán, ọmọkùnrin méjì ni a máa ń dá ADHD mọ̀ lára wọn fún ọmọbìnrin kan. Nígbà tí wọ́n bá dàgbà, ìyàtọ̀ yìí máa ń dín kù gan-an. Èyí jẹ́ kí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni ADHD ti wà lára wọn tí ẹnikẹ́ni kò rí i.

Ọmọbìnrin tí ó ní ADHD lè jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn kíláàsì, kí ojú rẹ̀ wà lára pátákó, kí ọkàn rẹ̀ sì ti dé ibòmíràn. Kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí náà kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó ń ṣe é. Àwọn mìíràn máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ tàbí kí wọ́n máa ta kìjí, ṣùgbọ́n ìbáwí ni wọ́n ń gbà: "Jókòó bí ọmọbìnrin!" "Ọmọ wo ni kì í fọkàn sí nǹkan báyìí?" Bí ó ti ń dàgbà, ó ń kọ́ láti fi ìṣòro rẹ̀ pa mọ́. Ó ń tún iṣẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kí àṣìṣe má bàa hàn. Ó ń pẹ́ sùn kí ó lè parí ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti parí ní ọ̀sán. Ó ń rẹ́rìn-ín níta, àárẹ̀ sì ń mú un nínú.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó tàbí ìbímọ, ẹrù náà máa ń wúwo sí i. Obìnrin ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé láti rántí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, owó ilé ẹ̀kọ́, oúnjẹ alẹ́ àti òkú àna tí wọ́n fẹ́ sin. Iṣẹ́ ìrántí àti ètò ni gbogbo èyí, ibẹ̀ gan-an ni ADHD sì ti ń dí ènìyàn lọ́wọ́ jù.

Àyípadà inú ara obìnrin náà tún ń kó ipa tirẹ̀. Estrogen, ọ̀kan lára àwọn họ́mọ́ọ̀nù obìnrin, máa ń nípa lórí bí dopamine ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin sọ pé àwọn àmì ADHD wọn máa ń le sí i ní ọjọ́ díẹ̀ kí nǹkan oṣù tó dé, lẹ́yìn ìbímọ, àti ní àwọn ọdún tí nǹkan oṣù bá ń múra láti dáwọ́ dúró.

Àìmọ ohun tí ó ń ṣe ènìyàn léwu. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, Stephen Hinshaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Berkeley tẹ̀ lé àwọn ọmọbìnrin 140 tí ó ní ADHD àti 88 tí kò ní in, láti ìgbà èwe wọn títí wọ́n fi di ọ̀dọ́bìnrin. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2012 fi hàn pé àwọn tí ó ní ADHD, pàápàá àwọn tí wọ́n ní àmì ọ̀nà méjèèjì láti kékeré, ni ó ṣeé ṣe jù kí wọ́n ṣe ara wọn léṣe tàbí kí wọ́n gbìyànjú láti pa ara wọn. Nítorí náà, ohun tí obìnrin bá ń sọ sí ara rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀rọ̀ ìlera ni.

Ohun tí mímú ara ṣiṣẹ́ ń ṣe

Nígbà tí ènìyàn bá ń rìn kánmọ́kánmọ́, tí ó ń jó, tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ tàbí tí ó ń wẹ̀ nínú odò, ọkàn rẹ̀ a máa yára lù, ẹ̀jẹ̀ a sì máa lọ sí ọpọlọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tún máa ń nípa lórí dopamine àti noradrenaline. Àwọn èròjà wọ̀nyí kan náà ni oògùn ADHD bíi methylphenidate ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Èyí kò sọ pé ìrìn ẹsẹ̀ àti oògùn jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé ìdí tí ọ̀pọ̀ fi máa ń sọ pé ojú àwọn ń là, tí ọkàn àwọn sì ń rọlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rìn tàbí jó.

Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera sọ bí ẹ̀rí náà ṣe lágbára tó láìfi àbùmọ́ kún un. Ara àwọn ọmọdé ni púpọ̀ nínú ìwádìí lórí ADHD àti eré ìmárale ti wáyé. Èyí tí a ṣe lára àgbàlagbà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, iye ènìyàn tí ó kópa nínú rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Ohun tí wọ́n ń fi hàn lápapọ̀ ni pé ìrànlọ́wọ́ náà wà, kò pọ̀ jù, ó sì yàtọ̀ láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Èyí tí a ń rí lẹ́yìn eré ìmárale ẹ̀ẹ̀kan kì í pẹ́ kí ó tó lọ. Nítorí náà, ṣíṣe é déédéé ni ó ṣe pàtàkì.

Ẹ̀rí tí ó dájú jù wà lórí àwọn ohun tí ó sábà máa ń bá ADHD rìn. Mímú ara ṣiṣẹ́ ń dín ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn kù, ó ń mú oorun dára sí i, ó sì ń dáàbò bo ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀. Obìnrin tí ó sùn dáadáa, tí àníyàn rẹ̀ sì dín kù, ti ní agbára tí ó pọ̀ sí i láti fi kojú ọjọ́ kejì.

Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020, ó dá àbá pé kí àgbàlagbà mú ara ṣiṣẹ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí kí ó ṣe èyí tí ó le fún ìṣẹ́jú 75 sí 150. Ó tún dá àbá iṣẹ́ tí ń fún iṣan lágbára, ó kéré tán ní ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe é níwọ̀ntúnwọ̀nsì lè máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní lè kọrin. Ìlànà náà tún sọ pé díẹ̀ sàn ju kí a má ṣe é rárá lọ. Ìrìn ẹsẹ̀ lọ sọ́jà, gígún iyán, iṣẹ́ oko àti ijó níbi ayẹyẹ wà lára mímú ara ṣiṣẹ́. Kò pọn dandan kí ènìyàn san owó kó tó lè ṣe é.

Ìdí tí ìmọ̀ràn nìkan kò fi tó

Ó rọrùn láti sọ fún obìnrin pé kí ó máa ṣe eré ìmárale. Ṣùgbọ́n bíbẹ̀rẹ̀ nǹkan, rírántí rẹ̀ àti títẹ̀ síwájú nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá ti sú ni, wọ́n sì ni ohun tí ADHD ń sọ di ìṣòro. Obìnrin náà lè ra bàtà eré, kí ó jí ní ìdájí ọjọ́ mẹ́ta, kí ó gbàgbé ní ọjọ́ kẹrin, kí ojú sì tì í débi pé kò ní fẹ́ rí bàtà náà mọ́. Báyìí ni ohun tí ó yẹ kí ó ràn án lọ́wọ́ ṣe ń di ẹ̀sùn tuntun tí ó ń fi kan ara rẹ̀.

Ewu mìíràn tún wà. Ẹni tí ó bá kórìíra ara rẹ̀ lè sọ eré ìmárale di ìjìyà: kí ó máa sáré títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú nítorí pé ó já ẹnìkan kulẹ̀ lánàá, tàbí kí ó máa febi pa ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí a bá fi ìjìyà ṣe kì í pẹ́, ó sì lè ṣe ara léṣe. Ibí yìí ni gbígba ara ẹni bí a ṣe rí ti wúlò.

Kí ni gbígba ara ẹni bí a ṣe rí?

Òun ni kí obìnrin mọ bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ó gbà bẹ́ẹ̀ láìfi ara rẹ̀ bú, kí ó sì ṣètò ayé rẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà kì í fi gbogbo ọjọ́ bú ojú náà. Ó ń wá dígí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kò túmọ̀ sí pé kí obìnrin máa fi ADHD ṣe àwáwí. Bí aránṣọ inú àpẹẹrẹ wa bá já oníbàárà kulẹ̀, ó ṣì yẹ kí ó tọrọ àforíjì, kí ó sì wá àtúnṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé "Mo gbàgbé" ni yóò sọ, kì í ṣe "Èmi ni n kò wúlò." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ní àtúnṣe: a lè kọ nǹkan sílẹ̀, a lè yí aago fóònù sí i. Ọ̀rọ̀ kejì kò ní àtúnṣe kankan. Ẹkún nìkan ni ó ń mú wá.

Gbígba ara ẹni kì í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí obìnrin bá kọ́kọ́ gbọ́ pé òun ní ADHD, ara lè tù ú. Lẹ́yìn náà, ìbànújẹ́ tàbí ìbínú lè dé nítorí àwọn ọdún tí ó ti kọjá, ìdánwò tí ó fìdí rẹmi nínú rẹ̀, àti iṣẹ́ tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ó dára kí ó rí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ìbáà ṣe onímọ̀ nípa ìlera ọkàn, ọ̀rẹ́ tí ó ṣeé fọkàn tán, tàbí obìnrin mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ọ̀nà kan tí ó rọrùn láti fi bẹ̀rẹ̀ ni kí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Bí ó bá jẹ́ àbúrò mi ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, kí ni n bá sọ fún un?" Ọ̀pọ̀ obìnrin a rí i pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí ara wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọn kò jẹ́ sọ sí ẹlòmíràn láéláé.

Bí méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀

Àwọn ìmọ̀ràn wọ̀nyí wà fún obìnrin tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

• Kí ó yan ohun tí ó wù ú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí sísáré bá sú u, kí ó jó. Àwọn obìnrin kan tún padà rí adùn nínú eré ten-ten tàbí suwe tí wọ́n ń bá àwọn ọmọ wọn ṣe ní àgbàlá. Bí ọ̀kan bá sú u lẹ́yìn oṣù méjì, kí ó yí i padà láìka ìyẹn sí ìkùnà.

• Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó ṣẹlẹ̀ sàn ju wákàtí kan tí ó wà nínú èrò lọ.

• Kí ó so ó mọ́ ohun tí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ti mú ọmọ dé ilé ẹ̀kọ́, kí ó gba ọ̀nà tí ó jìn díẹ̀ padà sílé. Èyí kò béèrè pé kí ó rántí ohun tuntun.

• Kí ó ṣe é ṣáájú iṣẹ́ tí ó nira. Bí ìwé owó bá wà láti kọ, kí ó rìn tàbí jó fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó jókòó tì í.

• Kí ó wá ẹni tí wọn yóò jọ máa ṣe é. Ó máa ń rọrùn láti jáde nígbà tí ẹnìkan bá ń dúró de ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà.

• Kí ó fún ara láyè lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan máa ń pọkàn pọ̀ dáadáa bí wọ́n bá ń rìn nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tàbí bí nǹkan kékeré kan bá wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Kì í ṣe àìní ẹ̀kọ́ ilé.

• Kí ó múra sílẹ̀ fún ọjọ́ tí kò ní ṣeé ṣe. Ní àwọn ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá sún mọ́lé, tàbí tí ọmọ kò jẹ́ kí ó sùn, kí ó dín in kù. Bí ó bá já a sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó padà bẹ̀rẹ̀ láìṣírò ọjọ́ tí ó sọnù.

• Kí ó ṣọ́ra. Òwúrọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ dára ju ọ̀sán lọ níbi tí oòrùn bá ti mú. Kí ó mu omi, kí ó sì yan ibi tí ó mọ́lẹ̀, tí ọkọ̀ kò pọ̀, tí ẹsẹ̀ èrò sì ń gbà. Aláboyún, ẹni tí ó ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ẹni tí àyà máa ń dùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá òṣìṣẹ́ ìlera sọ̀rọ̀.

Bí aránṣọ inú àpẹẹrẹ wa bá tẹ̀ lé ọ̀nà yìí, ó lè rìn dé ìkòríta kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ gé aṣọ, kí ó sì jókòó rán an. Ó lè gbé aṣọ kan ṣoṣo síta, kí ó kó ìyókù sínú àpótí. Ó sì lè fi ọjọ́ mẹ́ta kún ọjọ́ tí ó bá dá fún oníbàárà, nítorí pé ó ti mọ ara rẹ̀. Òun náà ni aránṣọ àná, ADHD rẹ̀ kò sì lọ. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé kò fi agbára rẹ̀ bá ara rẹ̀ jà mọ́.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera

Ẹ ro ti ADHD nígbà tí obìnrin bá ń padà wá léraléra nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àníyàn tí ìtọ́jú kò ràn tó bí ó ṣe yẹ. Ẹ béèrè bí ó ṣe rí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà DSM-5 ti ọdún 2013, àwọn àmì kan gbọ́dọ̀ ti hàn kí ènìyàn tó pé ọmọ ọdún 12, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa hàn níbi tí ó ju ọ̀kan lọ. Ìwé ìbéèrè ASRS, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ́wọ́ sí, ní ìbéèrè 18, a sì lè fi 6 àkọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé ìbéèrè nìkan kò tó láti fi ṣe ìpinnu.

Ẹ yẹ àwọn ohun tí ó lè jọ ADHD wò: àìtó ẹ̀jẹ̀, àìsàn ẹṣẹ́ thyroid inú ọrùn, àìsùn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àti ìwà ipá nínú ilé. Bí ó bá ń lo oògùn ADHD, ẹ máa wo ìfúnpá rẹ̀ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Bí ó bá fẹ́ lóyún, tí ó ti lóyún tàbí tí ó ń fọ́mọ lọ́mú, kí ó bá dókítà rẹ̀ jíròrò kí ó tó yí oògùn padà.

Nígbà tí ẹ bá ń dá àbá eré ìmárale, ẹ má ṣe béèrè pé, "Ṣé ẹ ṣe é?" Ẹ béèrè pé, "Kí ni ó rọrùn, kí sì ni ó dí yín lọ́wọ́?" Ìbéèrè kìíní ń mú kí obìnrin purọ́ tàbí kí ó má padà wá mọ́. Èkejì ń ṣí ìlẹ̀kùn fún àtúnṣe.

Fún ẹbí

Ọkọ, ìyá ọkọ àti àwọn ọmọ lè ṣe ohun púpọ̀. Wọ́n lè pín iṣẹ́ ìrántí: kí ẹnìkan máa mójú tó owó ilé ẹ̀kọ́, kí ẹlòmíràn máa wo ọjọ́ oògùn. Wọ́n lè gba ọmọ mú fún ìṣẹ́jú ogún kí ìyá lè rìn jáde. Ó sì ṣe pàtàkì kí wọ́n dẹ́kun pípè é ní ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò tún nǹkan kan ṣe rí, ọmọbìnrin tí ó wà nínú ilé sì ń gbọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe kí òun náà ti jogún ADHD.

Ìgbà tí ó yẹ kí a wá ìrànlọ́wọ́

Kí obìnrin lọ sí ilé ìwòsàn bí àìlèpọkànpọ̀ tàbí àìfarabalẹ̀ bá ń ba iṣẹ́, ilé tàbí ìlera rẹ̀ jẹ́. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ wà ní Àrò ní Abẹ́òkúta, ní Yábàá ní ìlú Èkó, ní Ẹnúgù, Kàlàbá, Kàdúná àti Màídúgùrì. Ilé ìwòsàn yunifásítì náà sábà máa ń ní ẹ̀ka tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023, rọ́pò òfin àtijọ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti ìgbà ìjọba àwọn òyìnbó, ó sì dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tí ó bá wá ìtọ́jú.

Bí èrò àtipa ara ẹni bá dé, kí obìnrin náà má ṣe dá wà. Kí ó sọ fún ẹnìkan tí ó wà nítòsí, kí ẹni náà sì bá a lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ wọn jù lọ lọ́jọ́ náà.

Àkótán

Mímú ara ṣiṣẹ́ ń ran ọpọlọ àti ara lọ́wọ́. Gbígba ara ẹni bí a ṣe rí ni ó ń jẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ náà pẹ́. Obìnrin tí ó ní ADHD kò nílò láti di ẹlòmíràn kí ó tó lè gbádùn ayé rẹ̀. Ó nílò àyẹ̀wò tòótọ́, ìtọ́jú tí ó bá a mu, àyè láti mú ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, àti àwọn ènìyàn tí kò ní fi ohun tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ fà bú u. Òun gan-an gbọ́dọ̀ wà lára àwọn ènìyàn náà.